Etí Méjì Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Kan

Yìnyín tó rọ̀ ní Mesquite, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas ní Amẹ́ríkà, lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sidé kan nínú oṣù kẹrin kì í ṣe irú èyí tí ọmọdé ń sáré ṣà sẹ́nu. Ó tó ẹyin adìẹ. Kò rọ̀ ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, ṣùgbọ́n kó tó dá, ó ti fọ́ fèrèsé, ó ti já ẹ̀ka igi, ó sì ti sọ ojú gbogbo mọ́tò tí kò ríbi sá sí di ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà.

Píjò aláwọ̀ ewé kan wà nínú àwọn mọ́tò náà, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Fáìfù-Ó-Fọ́ọ̀. Adébóyè ló ni ín. Oògùn ni Adébóyè ń pò nílé ìwòsàn ńlá kan ní Dallas, ó sì ní mọ́tò tuntun tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ọwọ́ àgbàlagbà òyìnbó kan tó ń sin màlúù lápá ìlà-oòrùn Texas ló ti ra Píjò yìí, kìkì nítorí pé irú rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ń gbé e lọ sílé ìwé ní Òṣogbo. Stella ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí ọkọ òun bá ń fọ mọ́tò náà lọ́jọ́ Sátidé, ohùn tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ rọ̀ ju èyí tó fi ń bá òun sọ̀rọ̀ lọ. Adébóyè kò jiyàn.

Lọ́jọ́ tí yìnyín rọ̀, ẹ̀yìn Píjò wà lábẹ́ òrùlé, iwájú rẹ̀ wà níta. Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ló jìyà. Adébóyè ka ibi tó tẹ̀ wọnú, ó jẹ́ mọ́kànlélógójì. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Níbi méjì àkọ́kọ́, wọ́n ní kó lọ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì mìíràn wá, bí ẹni pé wọ́n ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Níbi ìkẹta, ọkùnrin kan ní òun á fi pọ́tì dí gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá fi amọ̀ dí ara ògiri, òun á ha á kó dán, òun á sì kùn ún. Adébóyè béèrè bí pọ́tì náà á ṣe nípọn tó. Ọkùnrin náà fi ìka méjì hàn án. Adébóyè wọ mọ́tò rẹ̀, ó wà á lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbọ́ níbi iṣẹ́ pé bàbá kan wà ní Mesquite tó ń fi òòlù lu bọ́dì mọ́tò bí wọ́n ṣe ń lù ú nílé.

Ògúndèjì ni bàbá náà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ó ti lo ọdún méjìlélógún ní Dallas, ó sì lo mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn kì í ti í lu nǹkan kan. Èyí tó bá tẹ̀, wọ́n á tú u dànù, wọ́n á fi bóòtù de tuntun síbẹ̀. Ó ṣe é nítorí ọmọ àti ìyàwó, ṣùgbọ́n kò fi ọjọ́ kan dárí ji àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà. Ṣọ́ọ̀bù náà kógbá sílé nínú oṣù kìíní. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tèmítáyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Arlington, bá a wá iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí wọ́n ti ń ya ẹrù inú páálí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún ni iṣẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ máa jókòó ni o, Dádì," ni Tèmítáyọ̀ wí. "Ẹ ò ní gbé nǹkan kan. Àga wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àga yìí ló dùn ún jù.

Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó sọ fún Fáníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ pé, "Màá dúró títí di ọjọ́ tí iṣẹ́ páálí yẹn á bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ páànù gidi wá fún mi, tí mo ṣe é débi pé ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ò mọ ibi tí mo ti lù, a jẹ́ pé iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí n ò bá rí i ṣe, màá kó òòlù mi sínú àpótí, màá lọ jókòó ti páálí. O ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ irin lẹ́nu mi mọ́ láyé."

Kò pariwo. Bí Ògúndèjì bá ń pariwo, Fáníkẹ́ kì í kà á sí. Ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ẹ̀rù máa ń bà á, nítorí ohun tí ọkọ rẹ̀ bá ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ, kì í yí i padà. Ilé epo kan wà ní oríta wọn tí Ògúndèjì kò yà sí láti ọdún 2011, nítorí pé ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà rẹ́rìn-ín nígbà tí Ògúndèjì pe orúkọ ara rẹ̀. Ọláṣùpọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ìkómọ, ó gbé àga oníke fún un, ó sì gbé èyí tó ní tìmùtìmù fún ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé. Títí di òní, bí Ògúndèjì bá lọ kí Ọláṣùpọ̀ nílé, ìdúró ló máa ń wà títí yóò fi jáde.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí Adébóyè gbé Píjò dúró síwájú ilé wọn, tó ku ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kí iṣẹ́ páálí bẹ̀rẹ̀, Fáníkẹ́ rí i láti ojú fèrèsé kíṣìnnì, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Adébóyè wí, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni Bàbá Ògúndèjì?"

"Èmi ni. Kí ló bá a lójú jẹ́ báyìí?"

"Yìnyín ni, sà. Wọ́n ní kí n lọ ra òmíràn."

"Níbo?"

"Ohun tí èmi náà bi wọ́n nìyẹn, sà."

Ògúndèjì rìn yí mọ́tò náà po. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ra ojú páànù bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ ọwọ́. "Dókítà," ló pè é, nítorí gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, dókítà ni lójú rẹ̀, "bá mi tú bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí sílẹ̀. Wá gbé e lọ́sàn-án Sátidé. Bó o bá rí ibi tí mo ti lù ú, má gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ò ní fi pọ́tì sí i, sà?"

"Pọ́tì!" ni Ògúndèjì wí, bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀.

Adébóyè wa mọ́tò rẹ̀ lọ láìní bọ́nẹ́ẹ̀tì, inú ẹ́ńjìnì wà ní gbangba, àwọn ènìyàn ń wò ó lórí fíríwéè bí ẹni tó gbàgbé láti wọ ṣòkòtò.

Gáráàjì ilé wọn ni Ògúndèjì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà lé orí igi méjì tó fi àkísà tẹ́, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde, òòlù mẹ́rin, dólì mẹ́ta. Dólì ni irin kékeré kan tó wúwo, tó sì dán, tí ọwọ́ òsì máa ń fi ti páànù lẹ́yìn nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá ń fi òòlù lu iwájú. Láàárín àwọn méjèèjì ni páànù ti máa ń rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ifátọ́lá, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Sáńgo, n'Íbàdàn, ló fún un láwọn irin náà. Ifátọ́lá yìí kan náà ló bí Fáníkẹ́.

Ifátọ́lá kì í kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti máa fi ojú wo páànù. Ó ní ojú a máa tan ènìyàn jẹ. Bí oòrùn bá ti yí, ibi tó tẹ́ á dà bíi pé ó yọ. "Dijú," ni yóò wí. "Gbọ́ ọ." Bí dólì bá jókòó dáadáa lábẹ́ òòlù, ohùn páànù á pa dé, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bí dólì bá yẹ̀, ohùn á ṣófo, kòó, kòó. Bí páànù bá sì ti gba èyí tó tó o, ohùn náà á tín-ín-rín, bí ìgbà tí èékánná bá kan ìgò. Ibẹ̀ ni kó o ti gbé òòlù sókè. Bó o bá fi ẹyọ mẹ́ta péré lé e, páànù á nà ju àyè tó ní lọ, kò sì ní mọ ibi tó máa gbé ara rẹ̀ sí mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Ògúndèjì ṣe. Ó dijú, ó lù ú lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lù ú lọ́jọ́ Túsìdeè. Lọ́sàn-án Wẹ́sidé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì láti mọ bó ṣe le sí. Àárín náà wọlé, gbọ̀ọ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó jáde, gbọ̀ọ́.

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Gbọ̀ọ́. Gbọ̀ọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù Ifátọ́lá, ikùn àkèré ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tí ikùn àkèré bá tọwọ́ rẹ̀ jáde á kúnlẹ̀ títí oòrùn á fi dé àtàrí.

Ògúndèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ibi mọ́kànlélógójì yẹn ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n àárín ti nà. Bí wọ́n bá kùn ún báyìí, yóò máa jó lórí fíríwéè bí aṣọ lórí okùn. Kò yé e. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Dólì kò yẹ̀. Ó mú òòlù tó kéré jù, ó dijú, ó lu etí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí yìnyín kò dé. Kẹ́, kẹ́. Ó mú un lọ sí àárín tó ti nà. Kẹ́, kẹ́. Ohùn kan náà ni.

Kò sì lè jẹ́ ohùn kan náà. Páànù tó ti nà kì í dún bí èyí tí kò nà. Ọmọ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta mọ ìyẹn. Ohùn tín-ín-rín yẹn ti jáde. Etí tòun ni kò mú un. Ọdún méjì rèé tí Fáníkẹ́ ti ń sọ pé kó lọ yẹ etí rẹ̀ wò, tó sì ń dáhùn pé etí òun dá ṣáká, pé Fáníkẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ sínú ọ̀fun. Ẹlòmíràn tó bá ń lu páànù ní ìlú yìí, iná ló máa tàn sí i, ojú ló máa fi wò ó, ìbá sì ti rí i láti ọjọ́ Túsìdeè. Òun dijú ni, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ń retí ohùn tí kò lè gbọ́ mọ́.

Aago mẹ́ta ni Fáníkẹ́ máa ń kúrò níbi iṣẹ́. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú, ní ilé kan ní àdúgbò Vickery Meadow. Nígbà tó dé, kò gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé bó ti máa ń ṣe. Ó wá dúró lẹ́nu gáráàjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta ìlà sìmẹ́ǹtì, báàgì ṣì wà ní èjìká rẹ̀.

"Bàbá Táyọ̀, ẹ kú iṣẹ́."

"Hẹn."

"Ẹ ò tíì jẹun."

"Ebi ò pa mí."

Fáníkẹ́ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Àkèré ti wọ̀ ọ́."

Ògúndèjì gbójú sókè. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Láti àná ni mo ti ń gbọ́ ọ ní kíṣìnnì."

"Láti àná! O gbọ́ ọ láti àná, o wá ń ro ọbẹ̀ lọ?"

"Ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀ irin mọ́."

"Ìgbà wo ni mo sọ irú ẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tá a ṣègbéyàwó. Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀ ń jẹ ẹ̀wà."

Ògúndèjì kà á lórí ìka rẹ̀. "Ọdún mẹ́tàdínlógójì! Ìwọ obìnrin yìí, o lè di nǹkan sínú o!"

"Ta ló kọ́ mi?" ni Fáníkẹ́ wí.

Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà sì ní orírun. Nígbà tí Ògúndèjì wà lẹ́ni ọdún mọ́kànlélógún, ó ń lu ilẹ̀kùn takisí kan ní ṣọ́ọ̀bù Ifátọ́lá. Fáníkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ru omi kọjá. Kò dúró, kò wo ẹ̀yìn, ó kàn sọ pé, "Ó ti tó o, bọ̀dá." Ògúndèjì fi ẹyọ mẹ́ta lé e, ilẹ̀kùn sì di ikùn àkèré. Ifátọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lójú ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọbìnrin tó lọ pọnmi gbọ́ irin ju ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ fọ́dún mẹ́rin lọ!" Ọdún méjì gbáko ni àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù fi ń pe Ògúndèjì ní Ó-Ti-Tó-Bọ̀dá. Bó bá ń jẹun, wọ́n á ní ó ti tó, bọ̀dá. Bó bá ń wẹ̀, wọ́n á ní ó ti tó, bọ̀dá. Ó fẹ́ ọmọ náà nígbà tó yá, nítorí kò rí ẹlòmíràn tó wù ú ní gbogbo Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ọkọ̀ òfúrufú, ó gbé e dé Dallas. Fáníkẹ́ náà mọ̀, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí, àfi bó bá fẹ́ gbé oúnjẹ lé e lẹ́nu ọ̀nà.

Ògúndèjì yí òòlù kékeré náà lọ́wọ́, lọ síwá, lọ sẹ́yìn. "Fáníkẹ́," ló wí, kì í ṣe Ìyá Táyọ̀ tó máa ń pè é. "N ò gbọ́ ọ."

Fáníkẹ́ gbé báàgì kúrò ní èjìká.

"Ohùn tín-ín-rín yẹn. N ò gbọ́ ọ rárá. Mo rò pé kò tíì jáde ni."

Ẹlòmíràn ì bá ní, ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Fáníkẹ́ kò sọ ọ́. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ara ìṣó, ó bọ́ bàtà iṣẹ́, ó fi gèlè kékeré kan de irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kọjá ìlà sìmẹ́ǹtì náà wọlé.

"Dólì èwo lẹ fẹ́ kí n mú?" ló bi í.

"Dúró ná. N ò ì tíì ní kó o mú nǹkan kan."

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ jókòó ti páálí ni?"

"Mú èyí tó dà bí ọṣẹ."

Fáníkẹ́ mú un. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. N ò wá ru omi. Bí mo bá ní ó tó, ó tó nìyẹn. Bí òòlù bá wà lókè, ẹ fi sílẹ̀ lókè."

"Nínú gáráàjì tèmi?"

"Nínú ilé tá a jọ ń gbé."

Bí wọ́n ṣe ń wo ikùn àkèré sàn ni pé wọ́n á fi iná gáàsì sun ojú kan ní àárín rẹ̀, kò ní ju ẹyọ kọ́bọ̀ lọ, títí yóò fi pọ́n bí ata. Kó tó tutù, wọ́n á fi òòlù rọra lù ú yíká lórí dólì, wọ́n á sì fi àkísà tútù bò ó lójijì. Páànù á fà padà, á sún kì. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹni tó wà lókè ń sun ún, ó sì ń lù ú. Ẹni tó wà lábẹ́ ń gbé dólì, ó ń tẹ́tí, ó sì ń na àkísà. Bí wọ́n bá pẹ́, iná á ti lọ. Bí wọ́n bá lù ú jù, ó tún nà nìyẹn, èyí tó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, nígbà tí Fáníkẹ́ gba àyè ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́. Ó jókòó sórí àpótí kékeré, ó ki apá bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ògúndèjì sun ojú kìíní, ó pọ́n. Ó lù ú.

"Ó tó," ni Fáníkẹ́ wí.

Ògúndèjì gbọ́ ọ. Etí rẹ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ti wà lọ́nà, inú rẹ̀ sì ń sọ pé kò tíì tó. Ó lu ẹyọ kan sí i. Ó tún lu ẹyọ kan.

Dólì já lulẹ̀ gbàm. Fáníkẹ́ yọ apá rẹ̀ jáde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀.

"Ó dìgbóṣe," ló wí. "Ẹ kí àwọn páálí fún mi."

Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, bí ìjà bá dé, Ògúndèjì kì í pe Fáníkẹ́ padà. Ó máa ń jókòó tìbínú-tìbínú ni títí Fáníkẹ́ á fi bá ohun kan wá, omi tàbí fóònù tó ń dún, ìjà á sì parí láìsí ẹni tó parí rẹ̀. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo dólì nílẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ lórí àga tí ọmọ rẹ̀ wí, tí páálí ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Fáníkẹ́, padà wá."

Fáníkẹ́ dúró, kò yíjú.

"Ẹnu kọ́ ni kó o fi sọ ọ́," ni Ògúndèjì wí. "Bó o bá ti fẹnu sọ ọ́, inú mi á fẹ́ bá ọ jiyàn. Bóyá ẹ̀jẹ̀ ni, n ò mọ̀. Má fẹnu sọ ọ́ mọ́. Fi dólì kàn án lẹ́ẹ̀méjì lábẹ́. Màá gbé ọwọ́ òsì mi lé orí páànù. Màá mọ̀ ọ́n lára."

Fáníkẹ́ yíjú padà báyìí. "Bí ọwọ́ yín bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní bá ọwọ́ yín jiyàn?"

"N ò bá ọwọ́ mi jiyàn rí."

"Ẹ máa bá a ṣe é tó bá yá," ni Fáníkẹ́ wí, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀, ó mú dólì.

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é. Ògúndèjì la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ tẹ́ sórí páànù, ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan síbi tí iná wà, ooru rẹ̀ ń ta á. Òòlù lọ, òòlù bọ̀. Nígbà tó yá, láti abẹ́, kíkàn méjì kékeré kàn án ní àtẹ́lẹwọ́, kò-kò, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn yàrá ẹni tó ń sùn. Òòlù dúró lókè. Àkísà tútù balẹ̀, èéfín sọ, páànù sì dún lójijì, ó fà.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé mọ́.

Wọ́n lọ sí ojú kejì.

Iṣẹ́ náà gba gbogbo Tọ́sìdeè àti gbogbo Fúráìdè. Wọ́n ń jà lórí ohun mìíràn gbogbo, lórí iyọ̀ ọbẹ̀, lórí ìdí tí Tèmítáyọ̀ kò fi tíì lọ́kọ, lórí bóyá ọdún tí Ifátọ́lá ra mọ́tò rẹ̀ ni òjò pọ̀ tàbí ọdún kejì. Lórí páànù, wọn kò jà. Ní ọ̀sán Fúráìdè, Fáníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sínú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ògúndèjì kò gbọ́ orin náà, ṣùgbọ́n ó ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, bí ó ṣe ń gbọ̀n wá láti ara dólì. Ó wá rí i pé òun ń fi òòlù tẹ̀lé e, ojú sì tì í, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró.

Adébóyè dé lọ́sàn-án Sátidé bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn. Ògúndèjì ti da òróró díẹ̀ sórí páànù, ó ti fi aṣọ nù ún káàkiri kó lè dán, nítorí orí páànù tó ń dán ni àbùkù ti máa ń fara hàn. Iná gígùn orí àjà gáráàjì hàn nínú rẹ̀ gbọọrọ, kò wọ́. Adébóyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó gba apá kejì wò ó. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ṣí àwòrán tó ti yà lọ́jọ́ yìnyín, ó ń fi ìka wá ibi mọ́kànlélógójì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Sà," ló wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "N ò rí wọn."

"Wá wọn dáadáa."

"Mo ti wá wọn, sà. Bí mi ò bá mọ mọ́tò mi, màá ní ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Bàbá, ẹ ṣé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kọ́wọ́ yín rọ."

Fáníkẹ́ ti bá wọn gbé omi tútù wá. Ó gbé e fún Adébóyè, ó sì fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Láìrò ó, ó fi eegun ìka gbá igun òsì, lápá ibi tí iná iwájú máa wà. Ó tún gbá a. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, kíákíá ló sì tú u ká, ó rẹ́rìn-ín sí àlejò.

Ṣùgbọ́n Ògúndèjì ti rí ojú náà.

"Kí ló wí?" ló bi í.

"Ta ló wí kí ni? Dókítà, ẹ mu omi yín."

"Fáníkẹ́. Kí ni igun yẹn wí?"

Fáníkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ó wo Adébóyè. Ó mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ. Ẹni tó ni mọ́tò ti wò ó, kò rí nǹkan kan. Iṣẹ́ irin ti padà sọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, ó parí síbẹ̀.

"Ó ṣì ṣófo díẹ̀," ló wí, jẹ́jẹ́. "Díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá kùn ún, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Ògúndèjì gbé aṣọ tó fi ń nu òróró sílẹ̀. "Dókítà, máa lọ ilé. Padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè."

"Sà? N ò mà rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Èmi náà ò rí i. N ò sì gbọ́ ọ. Etí mi ti lọ, Dókítà, má jẹ́ kí n purọ́ fún ẹ. Ìyá tó ò ń wò yìí ló ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ ọ́ lójú èrò, mo sì bá a bínú títí ó fi kú. Ìyá yìí ní ó ṣófo, a jẹ́ pé ó ṣófo nìyẹn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ò kúrò níbí lónìí."

Adébóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí i pé kò sí ẹni tí òun lè bá jiyàn nínú àwọn méjèèjì. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó dọ̀bálẹ̀, ó wọ Píjò rẹ̀ tí kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ.

Fáníkẹ́ dúró síbi tó wà, ife òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ó yẹ kí n dákẹ́," ló wí.

"O ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ó sú mi." Ògúndèjì ti mú fóònù, ó ń tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, ó gbé e jìnnà sí etí nítorí ó ti fi í sí èyí tó ń pariwo. "Tèmítáyọ̀! Hẹn. Bá mi sọ fún àwọn onípáálí pé n ò ní wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Dádì, kí ló dé?" ni ohùn Tèmítáyọ̀ wí. "Are you sick?"

"Mo ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Iṣẹ́ wo?"

"Igun òsì ló kù."

"Igun kí ni?"

"Má da ara ẹ láàmú. Gbọ́, bá mi wá dókítà etí. Èyí tó dára ni kó o wá. Èmi àti màmá ẹ jọ ń lọ ni."

Tèmítáyọ̀ ní kó tún un sọ. Ó dà bíi pé ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bàbá rẹ̀ ni. "Okay, Dádì," ló wí nígbẹ̀yìn.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, Fáníkẹ́ ti ń de gèlè kékeré rẹ̀ mọ́rí. "Ẹ má jẹ́ kí dókítà náà ṣí etí yín tán o," ló wí. "Bó bá là tán, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

"Bó bá là tán, màá gbọ́ gbogbo ohun tó o ti ń sọ sí mi láti ọdún méjì."

"Áà! Ẹ jẹ́ kí n yáa tètè kó wọn jọ."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ki apá bọ abẹ́ igun òsì. Ògúndèjì na ọwọ́ sí àárín àwọn òòlù rẹ̀.

"Èyí tó kéré jù ni kẹ́ ẹ mú," ni Fáníkẹ́ wí láti abẹ́ ibẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó.

Òòlù ńlá ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òòlù náà, ó wo ẹ̀yìn orí ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e padà sílẹ̀, ó mú kékeré, ó ń kùn sínú pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń yan òòlù fún òun, àti pé òun á rántí ọjọ́ òní. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sórí páànù.